Ìjì Oòrùn àti Ilé Iṣẹ́ Núkílíà: Ara Wáyà Iná Ni Kí Ẹ Máa Wò

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, bí aago 11 àárọ̀ ṣe kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ní Ìbàdàn, iná ńlá kan bú jáde lára oòrùn. X5.1 ni ìwọ̀n tí wọ́n fún un, X sì ni ìpele tó le jù. Ọ̀sán ló jẹ́ nílẹ̀ Áfíríkà àti Yúróòpù, nítorí náà àwa gan-an la kọjú sí i. Rédíò onígbì kúkúrú dákẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ìjì òòfà tó le dé ipò kẹrin nínú márùn-ún, tí wọ́n ń pè ní G4, ti bá ilẹ̀ ayé.

Gbogbo ìgbà tí irú ìròyìn yìí bá jáde ni àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp kan tó ti pẹ́ nílẹ̀ máa ń jí dìde: pé kí oníkálukú pa fóònù rẹ̀ láti aago 12:30 sí 3:30 òru, nítorí ìtànṣán burúkú tó ń bọ̀ láti òkè. Irọ́ ni. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tó yẹ kí èèyàn béèrè tọkàntọkàn: ṣé ìjì oòrùn lè ba ilé iṣẹ́ núkílíà jẹ́ débi tí ìtànṣán á fi tú jáde?

Oòrùn kò lè fọwọ́ kan ríákítọ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn ibi tí yùréníọ̀mù, ìdáná núkílíà, ti ń mú ooru jáde. Irin tó nípọn àti kọnkéré ló yí i ká, kò sì sí ohun kan nínú ìjì oòrùn tó lè mú kí yùréníọ̀mù gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ara wáyà iná ni ewu ń gbà wọlé. Lẹ́yìn wáyà iná, ó tún ń gba aago àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń mọ ohun tó ń lọ.

Ohun mẹ́ta ni oòrùn máa ń jù sí wa, wọn kì í sì í dé pa pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lo ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti díẹ̀. Òun ló ń pa rédíò lẹ́nu mọ́. Àwọn èérún kéékèèké tó ń sáré bí ọta ìbọn lè dé láàárín bíi ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí mélòó kan. Ẹ̀kẹta ni ìkùukùu ńlá tó gbé òòfà dání. Èyí tó bá yá jù lè lo wákàtí 15 sí 18, èyí tó bá rọra ń bọ̀ á lo ọjọ́ mẹ́ta. Ti ọdún 1859, tí onímọ̀ ìràwọ̀ Richard Carrington rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo bíi wákàtí 17 àti ààbọ̀ péré, iná sì ta àwọn òṣìṣẹ́ tẹlígíráàfù lọ́wọ́. Ìkùukùu yìí ni àwọn ilé iṣẹ́ iná ń bẹ̀rù jù.

Bí òòfà inú ìkùukùu náà bá kọ lu òòfà ilẹ̀ ayé, á mú un mì síwá-sẹ́yìn, ìmìtìtì yẹn á sì fa iná sínú ilẹ̀. Ibi tó bá rọrùn ni iná ń gbà. Bí wáyà gígùn bá wà tó so ìlú kan mọ́ èkejì, tí àwọn tíráńsífọ́mà ìkángun rẹ̀ méjèèjì sì ní wáyà tó wọlẹ̀, èyí tí àwọn rìwáyà ń pè ní áàtì, iná náà á gba áàtì gòkè ní ìhín, á gba orí òpó kọjá, á sì gba áàtì sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀hún.

Iná NEPA máa ń lọ síwá-sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iná tí ìjì ń fà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè kọjú sí ibì kan fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó yí padà, débi pé iná bátìrì ni lójú tíráńsífọ́mà. Ẹ wo garawa tí ẹ ń bu omi sí tí ẹ sì ń bu omi jáde níwọ̀nba, tí kò sì kún àkúnwọ́sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá da omi sí i dé ìdajì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n tí ẹ ń bù tẹ́lẹ̀ náà á mú kó ṣàn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fún irin àárín tíráńsífọ́mà. Òòfà á kún inú rẹ̀ ju bó ṣe lè gbà lọ, á tú sí ara àpótí, ara bọ́ọ̀tì tó dè é àti gbogbo irin tí kò yẹ kó dé. Àwọn ibẹ̀ á gbóná. Epo tíráńsífọ́mà á bẹ̀rẹ̀ sí í di gáàsì, bébà tí wọ́n fi wé kọ́pà á jóná díẹ̀díẹ̀, ariwo rẹ̀ á sì ròkè débi tí ẹni tó bá dúró sítòsí á gbọ́ ìyàtọ̀.

Wàhálà kejì tún wà tó máa ń yára ju ti ìgbóná lọ. Tíráńsífọ́mà tó bá kún báyìí máa ń da ìrísí iná rú, á sì máa gba agbára tí kò lò fún iṣẹ́ kankan lórí gírídì. Fóltéèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ ààbò tó ń ṣọ́ wáyà á rí iná tó dà rú náà, wọ́n á rò pé nǹkan ti já, wọ́n á sì pa ara wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Quebec, nílẹ̀ Kánádà, nìyẹn ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 1989. Àwọn ẹ̀rọ méje tó ń gbé fóltéèjì ró kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tẹ̀léra tẹ̀léra, nígbà tó sì máa fi tó bíi 90 ìṣẹ́jú-àáyá, gbogbo gírídì ti wó. Mílíọ̀nù 6 èèyàn ló wà nínú òkùnkùn, ó sì tó wákàtí mẹ́sàn-án kí iná tó padà fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nínú ìjì yẹn kan náà, ní ilé iṣẹ́ núkílíà Salem ní ìpínlẹ̀ New Jersey nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́nà jíjìn sí Quebec, ọ̀kan lára àwọn tíráńsífọ́mà ńlá tó ń gbé iná jáde gbóná títí kọ́pà inú rẹ̀ fi bàjẹ́. Wọ́n ní láti pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá sọ pé àwọn ará ìhà òtútù nìkan ni èyí kàn, kó rántí ọdún 2003. Iná lọ ní Malmö, nílẹ̀ Sweden, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún náà, bíi 50,000 oníbàárà sì wà láìsí iná fún àkókò tí kò tó wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ní South Africa, níbi tí kò sí ẹni tó ń retí irú rẹ̀, àwọn onímọ̀ rí àmì ìgbóná nínú àwọn tíráńsífọ́mà ńlá mélòó kan ní àwọn oṣù tó tẹ̀lé ìjì náà. Ilẹ̀ South Africa yẹn ni Koeberg wà, ilé iṣẹ́ iná núkílíà kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ ní Áfíríkà.

Tíráńsífọ́mà irú èyí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń lọ rà ní ọjà. Ó lè wúwo tó 200 sí 400 tọ́ọ̀nù, ibi tí wọ́n á gbé e sí nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún, ó sì lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé.

Kí ló wá kan ilé iṣẹ́ núkílíà bí gírídì bá wó? Ṣebí òun ló ń ṣe iná fún ẹlòmíràn. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Nígbà tí gírídì bá kú, ríákítọ̀ á pa ara rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan: àwọn ọ̀pá ìdádúró á já wọlé, iṣẹ́ núkílíà á dá. Àmọ́ ẹni tó bá ń fi igi dáná mọ̀ pé bí èèyàn bá tiẹ̀ yọ igi kúrò, ẹyinná ṣì wà lábẹ́ ìkòkò. Ríákítọ̀ tó ń ṣe 3,000 mẹ́gáwáàtì ooru á ṣì máa mú bíi ìdá 6 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá tó kú, ìyẹn bíi 200 mẹ́gáwáàtì. Lẹ́yìn wákàtí kan, á wálẹ̀ sí bíi ìdá 1.5. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, á kù sí bíi ìdá 0.5, èyí tó jẹ́ mẹ́gáwáàtì 15. Mẹ́gáwáàtì 15 yẹn tó láti sọ bíi 20 tọ́ọ̀nù omi di ooru láàárín wákàtí kan. Ẹ ka tánkà omi oní 10,000 lítà méjì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán tòru, ẹ ó mọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ tó ń fa omi ń ṣe. Iná ló sì ń gbé ẹ̀rọ yẹn.

Bí iná láti ìta bá ti lọ, jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ńláńlá ló kàn. Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ kí wọ́n tó jí. Bí wọn ò bá jí, bátìrì ló kù, ìyẹn kì í sì í ju wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Àwọn mítà àti fáàfù ló sì wà fún, kò lè fa omi tó pọ̀. Ní Fukushima ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011, ìmìtìtì ilẹ̀ gba iná ìta, omi òkun sì rì jẹnẹrétọ̀. Àìsí iná ló mú kí ìdáná yọ́. Ní Zaporizhzhia, nílẹ̀ Ukraine, àwọn ríákítọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti wà ní pípa, síbẹ̀ nígbà tí ogun gé gbogbo wáyà ìta ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, jẹnẹrétọ̀ ló gbé ilé iṣẹ́ náà ró fún bíi oṣù kan gbáko. Ogun ló fa ìyẹn, kì í ṣe oòrùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni méjèèjì ń bi wá: dísẹ́ẹ̀lì mélòó ló wà nílẹ̀?

Ní Amẹ́ríkà, èyí tó máa tó ọjọ́ méje ni wọ́n sábà máa ń kó pa mọ́ sórí ilẹ̀ ilé iṣẹ́. Ọjọ́ méje tó bí igi bá wó lu wáyà. Ìjì oòrùn tó le gan-an kì í ba ibì kan ṣoṣo jẹ́, ẹkùn odidi ló ń bá lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjọ́ kẹjọ, ta ló máa gbé dísẹ́ẹ̀lì wá? Ará Ìbàdàn mọ̀ pé bí NEPA bá mú iná lọ, ilé epo náà ń fi jẹnẹrétọ̀ fa epo láti inú ilẹ̀. Ibùdó epo ńlá, ọkọ̀ tánkà, fóònù tí wọ́n fi máa pe awakọ̀, gbogbo wọn ló nílò iná. Ẹni tó bá ń ṣètò ààbò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ibi tí epo ọjọ́ kẹjọ á ti wá, ọ̀nà tí á gbà, àti ẹni tí wọ́n á bá sọ̀rọ̀ bí fóònù kò bá lọ. Adágún tí wọ́n ń kó ọ̀pá ìdáná tó ti lò sí náà wà níbẹ̀. Omi tó ga bíi mítà méje ló wà lórí àwọn ọ̀pá náà, ó sì sábà máa ń tó ọjọ́ mélòó kan kó tó gbóná débi ewu, nítorí náà ó ń fún wọn láyè. Àmọ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wo ìwọ̀n omi náà.

Àǹfààní kan wà tí ìmìtìtì ilẹ̀ kì í fúnni: ìjì oòrùn máa ń ránṣẹ́ ṣáájú. Bí wọ́n bá rí ìkùukùu náà tó jáde, ó kéré tán bíi wákàtí 15 ló kù. Ní àkókò yẹn, ilé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dá gbogbo àtúnṣe dúró, á dá wáyà tí wọ́n ti yọ kúrò padà sí ipò, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n tú jẹnẹrétọ̀ kankan lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n á kún táńkì dísẹ́ẹ̀lì dé ẹnu, wọ́n á wo fóltéèjì bátìrì, wọ́n á sì rí i pé àwọn tó máa gba iṣẹ́ ní òru ti wà nítòsí. Lẹ́yìn náà, sátẹ́láìtì tó dúró ní 1.5 mílíọ̀nù kìlómítà sí wa, lápá oòrùn, á sọ ibi tí òòfà inú ìkùukùu kọjú sí. Bí ó bá kọjú sí gúúsù, ó máa wọlé gan-an. Bí ó bá kọjú sí àríwá, ipá rẹ̀ á dín kù púpọ̀. Ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí kan ló kù láti ibẹ̀.

Nígbà tí ìjì bá ń jà, ojú gbọ́dọ̀ wà lára áàtì tíráńsífọ́mà, níbi tí mítà kan ti ń ka iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Nínú ìlànà Amẹ́ríkà, bí ìṣirò bá fi hàn pé ó lè tó 75 ámípíà lórí wáyà kọ̀ọ̀kan, dandan ni kí wọ́n yẹ ìgbóná tíráńsífọ́mà yẹn wò tẹ́lẹ̀. Bí mítà bá ń gòkè tí epo sì ń gbóná, wọ́n á dín iṣẹ́ ríákítọ̀ kù. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí tíráńsífọ́mà tí ẹrù ara rẹ̀ fúyẹ́ ní àyè láti fara da ooru tó tún bá a. Lẹ́yìn ìjì, kí wọ́n má kàn sọ pé ewu ti kọjá. Kí wọ́n fa epo rẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò, kí wọ́n wá gáàsì haidirójìn, ẹtilíìnì àti asẹtilíìnì nínú rẹ̀. Ibàjẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ ìjì lè dúró oṣù mélòó kan kó tó fọ́ síta, bí ti South Africa.

Yíká ilé iṣẹ́ núkílíà, àwọn ẹ̀rọ wà lórí òpó tó ń ka ìtànṣán gámà. Lójoojúmọ́, bíi 0.1 máíkírósífẹ́ẹ̀tì ní wákàtí kan ni wọ́n máa ń rí, láti inú ilẹ̀ àti láti òkè. Bí òjò bá rọ̀, ó lè ga díẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí òjò ń fọ ohun onítànṣán tí rédọ́ọ̀nù, gáàsì tó ń jáde láti inú ilẹ̀, ń bí sínú afẹ́fẹ́ wá sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ìjì oòrùn ńkọ́? Ó lè jẹ́ kí ìtànṣán tó ń bọ̀ láti ìta òfuurufú dín kù fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí ìkùukùu náà ń dí i lọ́nà. Ní ìgbà tó ṣọ̀wọ́n, àwọn èérún oòrùn lè pọ̀ débi tí àwọn ẹ̀rọ orí ilẹ̀ tó ń ka nyùtírọ́ọ̀nù, èérún kéékèèké tí ìtànṣán òkè ń bí, fi máa rí i. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1956, èyí tó wà ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fò sókè ju ìlọ́po 40 lọ. Àmọ́ ìhà òtútù, ní ìkángun àríwá àti gúúsù ayé, ni èyí ti ń pọ̀. Ààbò òòfà ayé le jù ní agbègbè wa.

Ohun tó ń kó ìdààmú bá mi jù nínú gbogbo èyí ni pé kí ẹ̀rọ kan ké ní alẹ́ ìjì, kí òṣìṣẹ́ sì sọ pé, "ìjì oòrùn ni, ẹ fi sílẹ̀." Ẹ má fi sílẹ̀. Ẹ wo bóyá gbogbo òpó ló ga tàbí ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ wo òjò, ẹ wo fóltéèjì bátìrì ẹ̀rọ náà, ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ kọjú sí. Bí ó bá jẹ́ òpó tó wà níbi tí afẹ́fẹ́ láti ilé iṣẹ́ ń fẹ́ lọ nìkan ló ga, ẹ gbà pé òótọ́ ni títí ẹnì kan á fi fi ẹ̀rọ ọwọ́ dé ibẹ̀.

GPS, àwọn sátẹ́láìtì tó ń sọ aago àti ibi tí nǹkan wà, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí fi ń mọ aago, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù sì ni wọ́n fi ń fi èsì ránṣẹ́. Èyí ni kí àwa ní Ìbàdàn fi ọkàn sí. Lókè orí wa, ní bíi 100 kìlómítà, odò iná kan ń ṣàn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn lójú ọ̀sán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tó pín òòfà ayé sí méjì, èyí tó gba àríwá Nàìjíríà kọjá. Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń wọn òfuurufú yìí, ó sì wà nínú iṣẹ́ ìwádìí àgbáyé lórí ilẹ̀ ayé àti òfuurufú ti 1957 sí 1958. Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, pàápàá ní oṣù Kẹta sí Kẹrin àti Kẹsàn-án sí Kẹwàá, òfuurufú wa máa ń hó bí omi ọṣẹ, GPS á sì máa ṣe ségesège kódà láìsí ìjì. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí ẹ bá gbé kalẹ̀ níbí gbọ́dọ̀ ní aago tirẹ̀ nínú, kó sì máa kó èsì pa mọ́ sára rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Fún àkọsílẹ̀ ìtànṣán, aago tó bá yẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kò bà á jẹ́. Àwọn tó ń dáàbò bo wáyà gírídì ni àṣìṣe kékeré pọ̀ jù fún.

Kọ̀ǹpútà náà ní tirẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Airbus kéde pé kí wọ́n ṣe àtúnṣe sí bíi 6,000 ọkọ̀ òfuurufú oríṣi A320, nítorí ìtànṣán oòrùn tó le lè da ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ìdarí rú. Ilé iṣẹ́ núkílíà ti mọ irú èyí: kọ̀ǹpútà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń wo ohun kan náà, méjì gbọ́dọ̀ fẹnu kò kí ẹ̀rọ ààbò tó ṣiṣẹ́.

Nàìjíríà kò tíì ní ilé iṣẹ́ iná núkílíà. Èyí tó wà ni NIRR-1, ríákítọ̀ ìwádìí ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004. Bíi 30 kílówáàtì ni agbára rẹ̀, ìyẹn kẹ́tù iná oní 2 kílówáàtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Omi tó wà nínú rẹ̀ ń tutù fúnra rẹ̀ láìsí ẹ̀rọ tó ń fà á, nítorí náà ìjì tó gba iná kò lè sọ ọ́ di Fukushima. Àwọn tó ń sọ pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ń dẹ́rù ba ará ìlú lásán. Ṣùgbọ́n Geregu ní Kogi àti Itu ní Akwa Ibom ni wọ́n ti dárúkọ fún ríákítọ̀ ńlá lọ́jọ́ iwájú, orí gírídì tó wó lọ́pọ̀ ìgbà ní 2024 láìsí ìjì kankan ni wọ́n sì máa so wọ́n mọ́. Fún iná tí ìjì lè fà, ìlànà Amẹ́ríkà fi 8 fólìtì sí kìlómítà kan fún ìhà òtútù, ó sì gbà pé ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ló tó fún ìhà tó sún mọ́ àárín ayé bíi tiwa. Lórí wáyà tó gùn ní 200 kìlómítà, 160 fólìtì nìyẹn. Ó kéré, àmọ́ wọn kò ṣírò odò iná òkè orí wa sí i, àpáta líle bí èyí tí Ìbàdàn jókòó lé kì í sì í jẹ́ kí iná wọlẹ̀ tàràrà. Wáyà ló máa ń tì í sí. Kí wọ́n tó gbé tíráńsífọ́mà kalẹ̀, ó yẹ kí wọ́n fi mítà sí áàtì ní àwọn ibùdó tó ti wà, bíi Ayédé àti Òṣogbo, fún ọdún mélòó kan, ká lè ní iye tiwa.

Níbí ní Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ ìwádìí àti ìdáàbòbò lọ́wọ́ ìtànṣán ti orílẹ̀-èdè wà nínú ọgbà Yunifásítì. Gbòǹgbò rẹ̀ wà ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí Faransé ń dán bọ́ǹbù wò ní Sàhárà tí ọyẹ́ sì ń gbé eruku wá. Àwọn ilé ìwòsàn àti ilé iṣẹ́ tó ní kóbálì-60, irin onítànṣán, kò ní rí i kí ìtànṣán rẹ̀ pọ̀ sí i nítorí ìjì. Ìdajì rẹ̀ ń tán ní ọdún 5.27, oòrùn kò sì lè yí ìyẹn padà. Kámẹ́rà, ìlẹ̀kùn oníná àti agogo tó ń pe ọlọ́pàá ló lè kú. Kí ọ̀gá ibẹ̀ fi bátìrì sí agogo náà, kó fi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ sí ìlẹ̀kùn, kó sì ní ìwé tí ẹ̀ṣọ́ á máa kọ aago àti ìwọ̀n sí ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ̀rọ ọwọ́ tó ń ka ìtànṣán ní bátìrì tuntun méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì lẹ iye tó sábà máa ń ka níbẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, kí ẹni tó bá gbé e ní òru mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bí ohun tó ń rí bá ti kọjá ti ojoojúmọ́.